Púlọ́ńbà inú ìtàn òkúta búlúù

Iṣẹ́ púlọ́ńbà ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta ní Brixton, níhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Títì Brixton Road tí mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ni Arthur Conan Doyle ní wọ́n ti sin ẹyẹ gúùsì tó gbé òkúta iyebíye mì, nínú ìtàn Sherlock Holmes tó jáde nínú ìwé ìròyìn Strand ní oṣù kìíní ọdún 1892. Nígbà tí àwa tí a jọ ń kàwé ní ọjọ́ Sátidé jíròrò lórí ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ olè ni gbogbo ẹnu ń sọ. Púlọ́ńbà ló wà lọ́kàn tèmi.

John Horner lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 26. Wọ́n pè é sí ilé ìtura kan pé kó wá fi òjé jó irin ibi ìdáná tó ti tú nínú yàrá ìyá ọlọ́lá kan. Òkúta ìyá náà sọnù, wọ́n sì mú Horner lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Wọn ò rí òkúta lára rẹ̀, wọn ò rí i nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti jalè rí, ó sì tán.

James Ryder, òṣìṣẹ́ ilé ìtura náà, ló jí i. Nígbà tí àṣírí tú, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún, Holmes sì ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Holmes ṣe dáadáa: ẹ̀rù ti ba Ryder tó, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni yóò sọ ọ́ di ògbólógbòó olè. Àbúrò kan fèsì pé ojúkòkòrò ló sún un ṣe é, kì í ṣe ebi. Èmi fara mọ́ ẹ̀gbọ́n lórí olè jíjà. Ohun tí mi ò lè gbójú fò ni pé Ryder àti ọmọ ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́lá ló wá iṣẹ́ sínú yàrá náà kí wọ́n lè ránṣẹ́ pe Horner. Nítorí pé wọ́n mọ ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣe yàn án. Èyí ti kọjá ìdánwò ìṣẹ́jú kan.

Mo mọ bó ṣe ń rí. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dá dúró, oníbàárà kan wá òrùka rẹ̀ tì lẹ́yìn tí mo tún páìpù ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ó pè mí padà. Mo da gbogbo irinṣẹ́ mi sílẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀, mo fa àpò ṣòkòtò mi méjèèjì síta. Inú àpò aṣọ ìwẹ̀ ìyá náà ni òrùka wà. Mo parí iṣẹ́ tó kù lọ́jọ́ náà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ní 1892, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn búra jẹ́rìí nípa ara rẹ̀. Ọdún 1898 ni wọ́n tó yí i padà fún gbogbo ẹ̀sùn. Kóòtù ìpẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fún ọ̀ràn ọ̀daràn kò sì tíì sí. Ẹ̀wọ̀n ọdún méje pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára ni Holmes ní ó ń dúró de Horner.

Iye ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá fún George Edalji ní 1903, lọ́yà kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ àlùfáà láti Íńdíà, lórí ẹ̀sùn pé ó ṣá ẹṣin lọ́gbẹ́ lóru. Conan Doyle fúnra rẹ̀ pàdé rẹ̀, ó rí i tó gbé ìwé ìròyìn sún mọ́ ojú kó tó lè kà á, ó sì mọ̀ pé irú ojú bẹ́ẹ̀ kò lè rìn nínú pápá lóru. Ní oṣù kìíní 1907 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú Daily Telegraph. Ìjọba dárí ji Edalji lọ́dún náà láìsan kọ́bọ̀ fún un, ọdún kan náà ni wọ́n sì ṣòfin kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Òkìkí ẹjọ́ yìí wà lára ohun tó fà á.

Horner kò rí ẹni tó kọ̀wé nípa tirẹ̀. Holmes kàn ní bí Ryder kò bá wá jẹ́rìí tako Horner, ẹjọ́ yóò tú ká. Ó dá mi lójú pé yóò tú ká. Àmọ́ mo ti yẹ ìtàn náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀: inú ìròyìn kan tí Holmes kà sókè nìkan ni Horner ti hàn, ibẹ̀ ló ti dákú ní kóòtù, tí wọ́n gbé e jáde.