Ológò Ayé Òde Òní: Ìgbẹ́sẹ̀lé Ilé-Ẹjọ́ àti Àwọn Alárìíwísí Ẹ̀sìn

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni bí àṣẹ ilé-ẹjọ́ tí a là sílẹ̀ fún ààbò oníṣòwò ṣe di ohun ìjà lọ́wọ́ ìjọ ẹlẹ́sìn sí àwọn tí ń ṣe àríwísí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, nítorí pé ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ojúbọ òrìṣà bá wà kò lè ṣaláìní ẹni tí yóò máa bi ẹlẹ́sìn ní ìbéèrè.

Kí Òyìnbó tó dé, Yorùbá ní ọ̀nà tí a fi ń wọ ilé onígbèsè. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Ẹni tí a jẹ lówó yóò rán ológò lọ dógò ti onígbèsè. Ológò yóò jókòó sí agbo ilé náà, yóò sì máa yọ gbogbo ará ilé lẹ́nu títí a ó fi san owó. Ìwà ipá ni. Kì í ṣe ohun tí a ń yìn. Ṣùgbọ́n lójú gbogbo ènìyàn ni ológò ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, owó ni ó sì ń sin. Kò wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni.

Irú ìwọlé mìíràn ni èyí tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 1975. Ilé-iṣẹ́ Jámánì kan, Anton Piller, tí ń ṣe ẹ̀rọ iná mànàmáná, fura pé àwọn aṣojú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tú àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí ń bá a du ọjà. Ó bẹ̀rù pé bí wọ́n bá gbọ́ nípa ẹjọ́ náà, wọn yóò ba ìwé jẹ́. Lord Denning àti àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà pé kí àwọn aṣojú olùpẹ̀jọ́ wọlé wá ìwé náà, láìjẹ́ pé olùjẹ́jọ́ ti gbọ́ ohunkóhun. Denning ní kì í ṣe ìwé-àṣẹ ọlọ́pàá, nítorí onílé lè kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ̀ ti tàpá sí ilé-ẹjọ́, ó sì lè wẹ̀wọ̀n. Adájọ́ Ormrod pa ààlà mẹ́ta: kí ẹjọ́ olùpẹ̀jọ́ lágbára gidigidi, kí ìpalára rẹ̀ pọ̀, kí ẹ̀rí sì wà pé ohun tí a ń wá wà lọ́wọ́ olùjẹ́jọ́, tí ó ṣeé ṣe kí ó bà á jẹ́. Àṣẹ yìí wọ Nàìjíríà, òfin 1988 lórí ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé sì fún un ní ẹsẹ̀.

Báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹlẹ́sìn? Ní Amẹ́ríkà, òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé gba ilé-ẹjọ́ láyè láti gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀dà tí a ṣe lọ́nà àìtọ́. Ìjọ Scientology, tí L. Ron Hubbard dá sílẹ̀, ní àwọn ẹ̀kọ́ kan tí ó kà sí àṣírí. Ní 1995, àwọn alárìíwísí, tí ọmọ ìjọ náà tẹ́lẹ̀ rí wà nínú wọn, fi díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 13 oṣù Kejì, a tú ilé kan ní Glendale, ní California. Ní 12 oṣù Kẹjọ, òmíràn ní Arlington, ní Virginia. Ní 22 oṣù kan náà, ó kan Boulder, ní Colorado. A kó kọ̀ǹpútà àti àwọn díìsìkì wọn lọ.

Ìjọ náà kò sọ̀rọ̀ lásán. Ní 1996, Adájọ́ Brinkema dá a láre lórí ẹjọ́ Virginia, owó ìtanràn tí ó wá gbé kalẹ̀ sì jẹ́ 2,500 dọ́là. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995, Adájọ́ Whyte ti wọ́gi lé ìgbẹ́sẹ̀lé ti California nítorí pé ó gbòòrò jù, Adájọ́ Kane ní Colorado sì ti ní kí a dá ẹrù padà. Ohun tí ìtàn yìí fi kọ́ wa ni pé ẹni tí ó jàre lórí ìwé rẹ̀ lè jẹ̀bi lórí ọ̀nà tí ó gbà wá a.

Nílé wa, ọ̀nà méjì ni ó wà lójú títì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ọlọ́pàá mú oníṣẹ̀ṣe tí a mọ̀ sí Tani Ọlọ́hun ní Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó sọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹjọ́ ọ̀ràn dídá ni èyí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga kan ní Àbújá dá títà ìwé Dele Farotimi lórí ètò ìdájọ́ dúró, ó sì pàṣẹ kí a gba ẹ̀dà rẹ̀, kí a tó gbọ́ tẹnu oǹkọ̀wé. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ aráàlú sí aráàlú ni. Bí ọ̀nà méjèèjì bá pàdé, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Glendale lè ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ewu rẹ̀ sì ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Tai Solarin, tí ó dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, bá ẹlẹ́sìn jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ ní láti kojú ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn pẹ̀lú. Lónìí, fóònù ẹnì kan ṣoṣo ni ilé ìtẹ̀wé rẹ̀, àpótí lẹ́tà rẹ̀ àti ibi tí ó ń fi ẹ̀rí pamọ́ sí. Ẹni tí ó bá gbé e lọ ti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúkọ àwọn tí wọ́n fọkàn tán an, tí wọ́n sì sọ ìyà tí ó jẹ wọ́n fún un, ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọ tí wọ́n ń sá fún.

Kí ẹlẹ́sìn má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni èyí. Kí a tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, ìlú ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Àwọn tí ìjọ wọn tóbi lónìí ni alárìíwísí ẹ̀sìn ìlú nígbà náà.

Ní ìparí, a kò sọ pé kí a má ṣe dáàbò bo iṣẹ́ oǹkọ̀wé. Láti 1992 ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fẹ́ kí agbẹjọ́rò tí kì í ṣe ti olùpẹ̀jọ́ dúró ti iṣẹ́ náà. Ó yẹ kí àwọn adájọ́ wa béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó bá kan ọ̀rọ̀ ẹnu: kí a dárúkọ ìwé tí a ń wá gan-an, kí a fi ìyókù sílẹ̀ fún onílé, kí a sì tètè gbọ́ tirẹ̀. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.