Ọmọ-Ogun Iwájú Ayaba

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Eré ṣẹ́ẹ̀sì kan tí a ta ní ìlú Buenos Aires ní ọdún 1927 fi òtítọ́ òwe yìí hàn, kò sì ní ṣòro fún ará Òkè Padre, ní àárín Ìbàdàn àtijọ́, láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ilé 64 ni ó wà lójú ọpọ́n ṣẹ́ẹ̀sì. Ọba, ayaba àti àwọn ìjòyè wà lẹ́yìn. Ọmọ-ogun 8 tò síwájú wọn. Láti òpin ọ̀rúndún 15 ni ìwé ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà kan láti bẹ̀rẹ̀ eré náà: a ó ti ọmọ-ogun iwájú ayaba síwájú, a ó sì fi èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ ọ̀tá. Ọ̀nà sùúrù ni.

Capablanca, ọmọ Kúbà, ni ó wà lórí oyè jagunmólú ayé láti ọdún 1921. Alekhine, ọmọ Rọ́ṣíà, ni ó wá bá a du oyè náà. Eré 34 ni wọ́n ta. 32 nínú wọn ni ó gba ọ̀nà yìí, 25 sì parí sí ọ̀mì. Ní eré kẹrìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ-ogun kan ṣoṣo ní etí ọpọ́n ni Alekhine fi ta Capablanca yọ. Ọmọ-ogun náà kò dé òpin ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá ti lọ dí i lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni ọba Alekhine ráyè wọ òdìkejì. Capablanca kò padà sídìí ọpọ́n mọ́. Ìwé ni ó kọ ránṣẹ́ pé òun gbà.

Bí ọmọ-ogun bá la ogun já dé òpin ọpọ́n, ó lè di ayaba. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Ìbàdàn, a kì í bí ènìyàn sórí oyè: Mọ́gàjí a máa gun àkàbà oyè ní ìpele-ìpele, ní ìlà Balógun tàbí ní ìlà Ọ̀tún, títí dé ipò Baálẹ̀, tí a sọ di Olúbàdàn ní ọdún 1936.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Tunde Onakoya ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní New York, láti wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ kan náà ni: ẹni tí ó bá fi ọmọ-ogun ṣòfò nítorí pé ó kéré, kò mọ ẹni tí ìbá bá a ṣẹ́gun.