Ọ̀pẹ àti Igi tí Ó Jọ Ọ́

Ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, ẹni tí ó bá ń ṣán oko titun kì í ṣàdédé gé ọ̀pẹ. Igi mìíràn lè di igi ìdáná, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ yóò dúró láàárín iṣu. Ẹyìn rẹ̀ ń di epo, èkùrọ́ rẹ̀ ń di àdín. À ń dá ẹmu lára rẹ̀, à ń fi màrìwò rẹ̀ sàmì sí ojúbọ, ikin Ifá pàápàá ọmọ ọ̀pẹ ni. Nítorí pé ó pọ̀, a rò pé kò lè tán.

Igi kan wà tí ó jọ ọ̀pẹ kúkúrú, tí kì í sì í ṣe ọ̀pẹ. Sáíkádì ni àwọn onímọ̀ ń pe ìran rẹ̀, ìran tí ó ti wà láyé kí igi tí ń tanná tó dé. Inú ohun tí ó rí bí odidi àgbàdo ńlá ni kóró rẹ̀ ń gbé. Ọ̀kan nínú wọn, Encephalartos barteri, ń hù ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ní Benin, Togo àti Ghana. Orúkọ Charles Barter ni ó ń jẹ́, ẹni tí ó bá Baikie wá sí Odò Ọya ní 1857, tí ó sì kú sí Rábà ní 1859.

Kí ni ó mú kí ọ̀kan pọ̀, kí èkejì ṣọ̀wọ́n? Ọ̀pẹ kan ṣoṣo a máa yọ òdòdó akọ, a sì máa yọ ti abo. Ní ti sáíkádì, akọ dá dúró, abo dá dúró. Ní 1848, wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin láti Áfíríkà sí Bogor ní erékùṣù Java. Lára ọmọ wọn ni púpọ̀ nínú oko ọ̀pẹ Indonesia àti Malaysia ti ṣẹ̀, àwọn tí ó ti gba iwájú mọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́. Ní 1895, John Medley Wood rí sáíkádì kan ní igbó oNgoye, ní Gúúsù Áfíríkà. Akọ ni. Wọ́n gbé ọ̀kan lára ìtí rẹ̀ lọ sí Kew ní London ní 1899. Títí di òní, a kò rí abo rẹ̀. Ọmọ tí ń yọ ní ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń gbìn káàkiri ayé. Àpọ́n kan náà ni gbogbo wọn.

Ìrókò náà ti pọ̀ rí nínú igbó Èkìtì, kí àwọn oníṣòwò gẹdú tó dé. Nítorí náà, pípọ̀ kọ́ ni ó ń dáàbò bo igi. Ọwọ́ tí ó mọ ìwúlò rẹ̀ ni. Bí a ó bá sì dá igi sí, kí a dá takọtabo sí, kí ó tó di àpọ́n.