Afárá onírin Jẹ́bà: wọ́n so wá pọ̀ lórí ìwé, Ọya ò gbọ́

1/ Gbogbo wa la kọ́ ọ níléèwé pé 1914 ni Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Kò burú. Àmọ́ lọ́dún yẹn, tí rélùwéè bá gbéra l'Ékòó tó ń lọ Kánò, báwo ló ṣe ń sọdá Odò Ọya? Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn afárá kan fún yín.

2/ 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Ìbàdàn ti ń rí rélùwéè ní 1901. Ó dé Jẹ́bà ní 1909, ó bá Ọya pàdé.

3/ Ìjọba méjì ló wà nígbà yẹn, kálukú ló ń fa rélùwéè sọ́dọ̀ ara ẹ̀. Girouard tó ń ṣàkóso Àríwá ò fẹ́ gbára lé Èkó. Ó ní kí wọ́n tẹ́ tiwọn láti Báró, létí Ọya, lọ sí Kánò, kí ọkọ̀ ojú omi máa gbé ẹrù láti Báró lọ sókun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1907, wọ́n dé Kánò ní 1911.

4/ Ojú irin Èkó náà ò dúró. Ó sọdá Ọya, ó lọ pàdé ti Báró ní Mínà. Ṣùgbọ́n ní Jẹ́bà, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá. Rélùwéè ń wọ ọkọ̀ o, ẹ gbọ́!

5/ 1912, wọ́n pa rélùwéè méjèèjì pọ̀. 1914, wọ́n pa ìjọba méjèèjì pọ̀. 1916 ni afárá onírin tó parí, tó gba orí erékùṣù àárín odò kọjá bọ́ sí òdìkejì. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ lóòótọ́.

6/ Ṣé torí ìfẹ́ ni? Rárá. Ẹ̀pà ni! Bí rélùwéè ṣe dé Kánò báyìí, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin ẹ̀pà rẹpẹtẹ, òyìnbó sì ń kó o lọ.

7/ Àmọ́ afárá ò mọ ẹni tó kọ́ òun. Obì tiwa gba ibẹ̀ lọ sí Kánò. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ gba ọ̀nà yẹn lọ sí òkè Ọya, wọ́n ṣòwò, wọ́n bímọ síbẹ̀. Òyìnbó kọ́ ọ torí ẹrù, àwọn èèyàn wa sọ ọ́ di ọ̀nà ilé ọkọ àti ọ̀nà ọjà.

8/ Èrò tèmi rèé: ìwé kì í so èèyàn pọ̀. Ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ló ń so ó. Tí wọ́n bá tún ń jà lórí 1914 lójú yín, ẹ rántí 1916.