Ìdánwò Etí Láàrin Àwọn Olórin Jáàsì

Ẹni tí ó bá mọ ẹyẹ dáadáa kò nílò kí ó rí i kí ó tó dárúkọ rẹ̀. Igbe rẹ̀ ti tó. Ǹjẹ́ a lè mọ olórin bẹ́ẹ̀?

Ní ọdún 1946, Leonard Feather, akọ̀ròyìn orin tí a bí ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan nínú ìwé ìròyìn Metronome ní Amẹ́ríkà. Yóò gbé àwo orin sí i fún olórin kan láìsọ ẹni tí ó ni ín; olórin náà yóò dárúkọ ẹni tí ó rò pé ó jẹ́, yóò sì sọ bí orin náà ti dára tó. Mary Lou Williams, obìnrin atẹdùùrù, ni ó kọ́kọ́ jókòó sí i.

Ní ọdún 1951, ó kan Roy Eldridge, afunfèrè aláwọ̀ dúdú. Ojú rẹ̀ ti rí ìyà ẹlẹ́yàmẹ̀yà nígbà tí ó ń bá ẹgbẹ́ olórin aláwọ̀ funfun rìnrìn àjò. Ó ní etí lásán ni òun yóò fi mọ olórin dúdú yàtọ̀ sí funfun. Ó gbọ́ àwo wọ̀nyí, ó ṣì wọ́n ju ìdajì lọ, ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Èyí kò sọ ìyà tí ó jẹ di irọ́, kò sì gba jáàsì lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó dá a sílẹ̀. Ohun tí ó kọ́ wa ni pé etí ń gbọ́ ọwọ́ olórin àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kì í gbọ́ àwọ̀ ara.