Ẹja Tí Wọ́n Ti Bá Wa Họ Ìpẹ́ Rẹ̀

Ní 2007, Ìkòròdú ni mo ti ń kàwé, Ẹ̀pẹ́ sì ni ìyá mi wà. Kí Opera Mini, áàpù tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, tó dọ́wọ́ mi, kafé íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń lọ. N ó sanwó wákàtí kan, ojú ewé kan ṣoṣo á máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Àwòrán á yọ orí, kó tó yọ ẹsẹ̀, àkókò mi ti tán.

Ẹnì kan tá a jọ ń kàwé ló fi Bluetooth gbé Opera Mini sórí fóònù mi, fóònù tí ojú rẹ̀ kò ju páálí ìṣáná lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, lórí ìlà bọ́ọ̀sì ní Sàbó, mo ka ìròyìn lórí ìdúró, owó káàdì mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Kílóbáìtì ni wọ́n fi ń ka owó fún wa nígbà yẹn, nítorí náà inú mi dùn dọ́ba.

Ilẹ̀ Norway ni Opera ti wá. Wọ́n gbé Mini jáde lọ́dọ̀ wọn ní 2005, gbogbo ayé sì rí i lò ní oṣù Kínní 2006. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Ẹni bá ti dé ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ mọ àwọn obìnrin tó ń jókòó ti ọ̀bẹ. O ra ẹja tán, o gbé e fún wọn, wọ́n họ ìpẹ́ rẹ̀, wọ́n tú ìfun rẹ̀, wọ́n gé e. Èyí tó o gbé wọ bọ́ọ̀sì ti fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ńlá Opera ṣe ń ṣe: òun ló ń lọ mú ojú ewé wá, tó ń fún un pọ̀, kó tó fi ránṣẹ́ sí wa. Wọ́n ní ó lè gé tó ìdá 90 nínú 100 kúrò nínú ẹrù ojú ewé náà. Nígbà tó fi di 2010, Nàìjíríà ti wà lára orílẹ̀-èdè mẹ́wàá tó ń lò ó jù.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ọ tú ìfun ẹja ti rí gbogbo inú rẹ̀. Ojú ewé tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì pàápàá, kọ̀ǹpútà yẹn á ṣí i kó tó lè fún un pọ̀. Opera kò fi èyí pa mọ́. Àwa ni a kò bèèrè. Fọ́ọ̀mù míì sì wà lórí Opera Mini tó o máa tẹ̀ títí, tí kò ní dáhùn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti èdè wa. Fóònù mi kò ní lẹ́tà wa. Bí wọ́n bá kọ Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àmì, p kan ṣoṣo ni mo ń rí láàárín àpótí òfìfo. Ìlú ìyá mi!

Ní 2016, wọ́n ta Opera fún àwọn ará Ṣáínà. Ilé yẹn náà ni OPay ti jáde ní 2018, OPay tí wọ́n fi ń gbowó ẹja báyìí.

Chrome ló bá fóònù tí mo ń lò báyìí wá. Síbẹ̀, tí mo bá ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti rẹlẹ̀ lẹ́yìn Ìtòíkín, Opera Mini ni mo ń ṣí. Ọ̀rọ̀ báńkì nìkan ni mi ò jẹ́ gbé síwájú rẹ̀.