Bí Iṣẹ́ Abẹ Ṣe Dé Orí Eegun Ìbàdí

Inú èdè Látìnì ni àwọn oníṣègùn Yúróòpù ti mú orúkọ tí wọ́n ń pe eegun ìbàdí, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àwo kòtò. Àwa ìbá kúkú pè é ní òrùka, nítorí pé eegun mẹ́ta ni ó so pọ̀ yíká: ọ̀kan lẹ́yìn, èyí tí ọ̀pá ẹ̀yìn jókòó lé, àti méjì tí ó ti ọ̀tún àti òsì wá pàdé níwájú. Òrùka líle kì í sábà dá ní ojú kan ṣoṣo. Bí iwájú bá ṣẹ́, ó yẹ kí a wo ẹ̀yìn pẹ̀lú. Nínú òrùka yìí ni àpò ìtọ̀ àti àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá wà. Nítorí náà, ẹni tí ó já láti orí òrùlé, tàbí tí ọkọ̀ kọlù, lè sun ẹ̀jẹ̀ sínú títí yóò fi kú, láìjẹ́ pé ẹ̀kán kan hàn lóde.

Ní ọdún 1847, Joseph-François Malgaigne, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Paris, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí eegun ṣíṣẹ́. Ojú àti ọwọ́ nìkan ni òun fi ń ṣe àyẹ̀wò, nítorí ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen tó rí ìtànṣán tí ń fi eegun hàn. Síbẹ̀, rírí kò tíì di títọ́jú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, orí ibùsùn ni a ń tẹ́ aláìsàn sí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tí a fi aṣọ gbá ìbàdí rẹ̀ rọ̀ sókè, tí a sì so ìwúwo mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Eegun a máa jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n a lè jinná ní wíwọ́: ẹsẹ̀ kan a kúrú ju èkejì, ìjókòó a di ìrora. Ní 1948, Holdsworth ti ìlú Sheffield fi hàn pé àwọn tí oríkèé ẹ̀yìn òrùka wọn yẹ̀ kì í sàn tó àwọn tí eegun wọn ṣẹ́ níbẹ̀.

Èé ṣe tí a kò fi lo abẹ? Ibẹ̀ jìn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀, ìbẹ̀rù kíkẹ̀ sì ń bẹ. Àwọn ará Paris ni ó ṣí ọ̀nà. Robert Judet, Jean Judet àti Émile Letournel kọ́ nípa ihò tí orí eegun itan ń yí nínú rẹ̀, wọ́n sì fi yé ni ní 1964 pé òpó méjì ni ó gbé e ró, àti ibi tí a lè gbà dé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Letournel kò fẹ́ kí ojú oríkèé yẹ̀ rárá. Àwa gbà pé líle ọkàn rẹ̀ yìí ni ó mú iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn èyí ni irin tí a ń gbé sí òde ara gbilẹ̀. Ó ń di iwájú òrùka mú, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò ká ẹ̀yìn. Ní Toronto, Pennal àti Tile kọ́ ni láti bèèrè ibi tí agbára tí ó fọ́ òrùka náà ti wá, àti bóyá òrùka náà ṣì dúró ṣinṣin. Ọdún 1980 ni ìwé wọn jáde. Èyí tí ó bá dúró ṣinṣin kò sábà nílò abẹ. Èyí tí kò bá dúró ni a ń fi irin pẹlẹbẹ àti ìṣó oníyíyí dè. Láti nǹkan bí 1990 sí ìsinsìnyí, a ti ń yí irú ìṣó bẹ́ẹ̀ gba ojú ọgbẹ́ kékeré wọ ẹ̀yìn òrùka, tí ìtànṣán Röntgen ń tọ́ ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ sọ́nà.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, aṣọ ìbora lásán lè dín ẹ̀jẹ̀ kù, bí a bá fi fún ìbàdí pọ̀ le. Ọ̀pọ̀ ń so ó mọ́ ikùn. Ibi tí eegun itan ti yọ sóde ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ó yẹ kí ó wà.